Àgbájọ Ọwọ́ La Fi Ń Sọ̀yà: Ìtàn Àwọn Àgọ́ Ẹgbẹ́ Nínú Aṣálẹ̀ Nevada

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí aṣálẹ̀ Black Rock, ní àríwá ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ oníyanrìn tó máa ń fa omi mu. Eruku funfun tó kúnná bí ẹ̀lúbọ́ ni. Bí omi díẹ̀ bá ti kàn án, yóò di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà àti táyà ọkọ̀, títí ẹsẹ̀ yóò fi wúwo ju kí ènìyàn gbé e lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lé ní 70,000. Ọ̀dún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Burning Man ni wọ́n wá ṣe. Àwọn aláṣẹ ti ẹnu ọ̀nà pa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù ṣọ́ oúnjẹ, omi àti epo rẹ̀ lò. Ó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù náà, kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà padà.

Lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n rín. Wọ́n ní àwọn olówó tó lọ ṣeré nínú eruku ti rí ẹrẹ̀ he. Àwọn kan tilẹ̀ gbé irọ́ kiri pé àrùn Ebola ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò bi ara wọn. Nínú ìlú tí kò ní ọjà, tí kò ní ilé oúnjẹ, tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ ta ohunkóhun fún ara wọn, báwo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe jẹun nígbà tí ọ̀nà dí, tí ìyàn kò mú, tí ogun kò sì ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a óò máa pè ní àgọ́ ẹgbẹ́ nínú àròkọ yìí. Àgọ́ ẹgbẹ́ ni àwọn ènìyàn tó kóra jọ pàgọ́ sí ojú kan náà, tí wọ́n mú èrò kan tàbí iṣẹ́ kan ní pàtàkì, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà ta gbogbo ìlú lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ kan lè máa se ọbẹ̀ gbígbóná ní òru, òmíràn lè máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òmíràn lè kọ́ ilé ìkàwé sínú eruku. Kò sí ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ fún wọn. Bí àṣà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó ná àwọn tó gbé e ró, àti ewu tó dojú kọ ọ́ lónìí, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Láti etí òkun dé aṣálẹ̀

Ìtàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní aṣálẹ̀. Etí òkun ló ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1986, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Larry Harvey àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jerry James, fi igi kan ère ọkùnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Wọ́n gbé e lọ sí etí òkun Baker ní ìlú San Francisco, wọ́n sì dáná sun ún. Nǹkan bí 20 ènìyàn péré ló wà níbẹ̀. Inú wọn dùn sí i, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ère náà ń ga sí i, tí èrò náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, ère náà ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40.

Ní ọdún 1990, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ etí òkun náà ní àwọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni dáná ńlá síbẹ̀. Wọ́n gbé ère náà dúró, wọ́n sì tún tú u palẹ̀ láìsun ún. Ẹgbẹ́ kan wà ní San Francisco nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Cacophony Society, àwọn tó fẹ́ràn àrà àti ìrìn àjò sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Àwọn bíi John Law, Kevin Evans àti Michael Mikel nínú ẹgbẹ́ náà ti ń pète ìrìn àjò kan lọ sí aṣálẹ̀ Black Rock. Wọ́n ní kí Harvey gbé ère rẹ̀ wá. Àwọn tó lọ kò tó 100. Ní àkókò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sun ère náà lójú pẹ̀tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ìràwọ̀.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n lọ yìí. Ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá àtayébáyé kan tó ti gbẹ ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lahontan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ Thrust SSC ti sáré ju ìró lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Igi kan ṣoṣo kò hù síbẹ̀, omi mímu kò sí. Ọ̀sán a máa mú bí iná, òru a sì tutù. Bí ìjì bá gbé eruku, ènìyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń mójú tó o lónìí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà Paiute ti Àríwá ti wà ní agbègbè náà kí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó wà. Títí di òní olónìí, ẹni tó bá gba ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èrò ń gbà láti ìlú Reno yóò la ilẹ̀ àwọn Paiute ti Adágún Pyramid kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Ọkùnrin tó ṣe Kérésìmesì nínú ooru

Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ wọ̀nyí, kò sí ètò kankan nípa àgọ́. Olúkúlùkù a máa pa àgọ́ rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú. Ohun tó mú wọn wá ni ère tí wọn yóò sun. Bí wọ́n bá sun ún tán, ó parí. Òǹwòran ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ní ọdún 1993, nígbà tí èrò tó wá jẹ́ nǹkan bí 1,000, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Doty yí nǹkan padà. Ó da aṣọ Bàbá Kérésìmesì bora nínú ooru aṣálẹ̀, ó ṣe àgọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé ọlọ́dún, ó ń lu orin Kérésìmesì kíkankíkan, ó sì ń fi àkàrà òyìnbó olóde-èso àti ohun mímu ẹlẹ́yin àti mílíìkì ṣe àwọn àlejò rẹ̀ lálejò. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ta ni yóò fẹ́ mu ohun mímu ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán gangan nínú aṣálẹ̀? Síbẹ̀, ohun ńlá kan wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Doty kò wá wòran. Ó sọ ara rẹ̀ di olùgbàlejò, ó sì sọ àgọ́ rẹ̀ di ojúde tí ẹnikẹ́ni lè yà sí. Àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀dún náà ka àgọ́ Kérésìmesì yìí sí àkọ́kọ́ nínú àwọn àgọ́ ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn rí i, wọ́n sì fẹ́ dán tiwọn wò. Láàárín ọdún mẹ́ta, èròǹgbà náà ti gba gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan. Ẹni tó bá mọ orin yóò gbé orin wá, ẹni tó bá mọ oúnjẹ sè yóò gbé ìkòkò wá. Iye èrò ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún: nǹkan bí 2,000 ní ọdún 1994, 4,000 ní ọdún 1995, 8,000 ní ọdún 1996. Ayọ̀ ń gorí ayọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń jó, bí a bá ń yọ̀, ká má gbàgbé ọjọ́ ọ̀la.

Ọdún tí ẹ̀mí sọnù

Títí di ọdún 1996, ìlú tí kò lófin ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ wọn. Kò sí òpópónà. Àwọn ènìyàn ń wa ọkọ̀ níkàwọ́ ìfẹ́ inú wọn, nígbà mìíràn ní òru láìtan iná. Àwọn kan ń yìnbọn sí àfojúsùn nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Michael Mikel ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti máa wá àwọn tó bá sọnù sínú aṣálẹ̀ àti láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò tó gbogbo ibi.

Lọ́dún náà, kí ọ̀dún tó gbóná, ọkùnrin kan tó wà lórí alùpùpù kọlu ọkọ̀ kan nínú òkùnkùn, ó sì kú. Kò pẹ́ sí i, ẹnì kan wa ọkọ̀ gun orí àgọ́ níbi tí àwọn ènìyàn sùn sí, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń lu orin ijó ní òru. Ènìyàn mẹ́ta fara gbọgbẹ́ yánnayànna. Ìbànújẹ́ náà pín àwọn olùdásílẹ̀ sí méjì. John Law gbà pé ohun tí àwọn dá sílẹ̀ ti kọjá agbára àwọn, ó sì kẹ̀yìn sí i. Harvey àti àwọn tó kù gbà pé ó lè máa lọ, bí wọ́n bá fi òfin sí i.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ kan wà tó yẹ ká fi ọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ni ó ń pa òmìnira. Nínú ìtàn yìí, àìsí òfin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹni tó fẹ́ sun oorun nínú àgọ́ kò lómìnira bí kò bá mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò gun òun lórí.

Ní ọdún 1997, wọ́n gbé ọ̀dún náà lọ sí ilẹ̀ àdáni kan nítòsí, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Washoe, tó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin kalẹ̀ fún wọn. Rod Garrett ló ya àwòrán ìlú tuntun. Nígbà tí wọ́n padà sí Black Rock ní ọdún 1998, ìlànà náà bá wọn padà. Ìlú náà rí bí òṣùpá tí kò kún. Ère wà láàárín gbùngbùn, àwọn òpópónà sì yí i ká bí ojú aago, láti aago méjì títí dé aago mẹ́wàá, tí apá tó kù ṣí sílẹ̀ sí aṣálẹ̀. Wọ́n fi òfin de ìbọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ káàkiri mọ́, àfi ọkọ̀ tí wọ́n sọ di iṣẹ́ ọnà tó sì gbàṣẹ. Àwọn àgọ́ olórin ńlá wá bọ́ sí ìkángun méjèèjì, kí ariwo wọn lè máa kọjú sí pápá.

Ohun tó kàn wá jù nínú ètò tuntun yìí ni ilẹ̀ pínpín. Harley Dubois àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di àṣà pé àgọ́ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ojú òpópónà pàtàkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú. Yóò sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀, bí ilẹ̀ tó fẹ́ ṣe fẹ̀ tó, ariwo tí yóò pa, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ni yóò fi ta ìlú lọ́rẹ? Ẹni tí kò bá ní nǹkan tí yóò fún ará ìlú yóò wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí Doty ṣe bí ẹ̀fẹ̀ di òpó tí ìlú dúró lé. Lónìí, àgọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pín ilẹ̀ fún lọ́dọọdún lé ní 1,000.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó wà nídìí àgọ́ kan tó ní 50 ènìyàn, kí a lè mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀dún bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Olórí àgọ́, tí kì í gba owó oṣù, yóò kọ̀wé béèrè ilẹ̀, yóò sì pe ìpàdé. Ẹgbẹ́ yóò dá owó jọ bí ìgbà tí a bá ń dá àjọ: owó ọkọ̀ akẹ́rù, owó oúnjẹ, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ibi tí wọn yóò kó ẹrù pa mọ́ sí títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan yóò san, àwọn kan yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn láyè. Ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún èrò ni pé kí ènìyàn kọ̀ọ̀kan gbé gálọ̀nù kan àbọ̀ dání fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Fún 50 ènìyàn ní ọjọ́ 8, iye rẹ̀ jẹ́ gálọ̀nù 600, ìwúwo rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gbé wọ inú aṣálẹ̀. Omi tí wọ́n bá fi fọ abọ́ àti èyí tí wọ́n bá fi wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Wọn yóò gbé e padà sílé tàbí kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn fà á gbẹ nínú ọpọ́n.

Àwọn tó ń kọ́ àgọ́ yóò ti dé ṣáájú èrò. Ìbòòji ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò mọ àlejò. Ìṣó àgọ́ lásán kò lè dúró níwájú ìjì. Ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń lò ni wọ́n ń gbá wọlẹ̀, wọn yóò sì fi ike tàbí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì bo orí irin kí ó má baà ya ẹni tó ń kọjá ní òru lẹ́sẹ̀. Eruku ibẹ̀ a máa jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ títí yóò fi sán, ọtí kíkan ni wọ́n fi ń ṣan án.

Bí ìlú bá ti kún, ètò iṣẹ́ yóò wà lára pátákó ilé ìdáná: ta ni yóò se oúnjẹ àárọ̀, ta ni yóò fọ ìkòkò, ta ni yóò dúró níwájú àgọ́ láti gba àlejò ní aago méjì òru. Wàhálà ńlá olórí àgọ́ wà níbẹ̀. Kò sí owó oṣù tí yóò gé, kò sí iṣẹ́ tí yóò lé ènìyàn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìtìjú, ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun ìjà rẹ̀. Yorùbá tó mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ yóò mọ̀ pé agbára ńlá ni ohun mẹ́ta wọ̀nyí. Yóò sì mọ̀ pé kò sí ọ̀wẹ̀ tí kò ní ọ̀lẹ tirẹ̀, ẹni tó máa ń dé nígbà tí iyán bá délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títà àti rírà tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́, yìnyín àti kọfí nìkan ni àwọn aláṣẹ ń tà. Nísinsìnyí, kọfí pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bùn kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó fún ọ ní ọbẹ̀ kò retí kí o fún òun ní nǹkan padà. Ní ọdún 2004, Harvey kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe irú ọ̀dún yìí níbòmíràn. Ẹ̀bùn fífúnni wà nínú rẹ̀, akitiyan àjùmọ̀ṣe wà nínú rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àpá sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni pé àṣà ló ṣáájú ìwé. Àwọn ọlọ́gọ́ ti ń gbé e ṣe fún ọdún mẹ́wàá kí Harvey tó kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe eré nìkan. Ní ọdún 2000, oníṣẹ́ ọnà kan, David Best, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé onígi kan síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn kú nínú ìjàǹbá alùpùpù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ òkú wọn sára igi rẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Òru Sátidé ni wọ́n máa ń sun ère pẹ̀lú ariwo; òru ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sun ilé yìí, ó sì máa ń pa rọ́rọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìgbà náà ni iṣẹ́ tó le jù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí pàǹtí tó bá kù sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó lọ lórí éékà ilẹ̀ kan. Nítorí náà, àwọn ọmọ àgọ́ yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò tẹrí ba, wọn yóò sì máa ṣa èérún igi, ìyẹ́, ìdì sìgá àti ìlẹ̀kẹ̀ dídán tó já láti ara aṣọ. Láti ọdún 2006 ni àwọn aláṣẹ ti ń tẹ àwòrán ilẹ̀ kan jáde tó ń fi àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ pupa hàn bí ilẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́ tó. Ẹgbẹ́ tó bá gba pupa lè máà rí ilẹ̀ gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ìmọ́tótó inú aṣálẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń da ìdọ̀tí wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, àwọn ará abúlé àti àwọn Paiute ni ó sì ń ṣubú lé. Ẹni tó gbá yàrá tirẹ̀ tó da pàǹtí sí ojúde aládùúgbò kò tíì gbálẹ̀.

Nígbà tí owó dé

Ní ọdún 2011, fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tán pátá. Ní ọdún 2012, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún tíkẹ́ẹ̀tì. Èsì rẹ̀ burú. Nínú àgọ́ kan, akọ́lé rí tíkẹ́ẹ̀tì, alásè kò rí. Nínú òmíràn, olórí àgọ́ fúnra rẹ̀ kò rí. Kèké kò mọ ẹni tó ń gbé ìkòkò yàtọ̀ sí ẹni tó ń bọ̀ wá wòran. Ẹkún wọn pọ̀ débi pé àwọn aláṣẹ ní láti yọ tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 sọ́tọ̀, tí wọ́n pín láàárín àwọn àgọ́ ẹgbẹ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ìgbà náà ló hàn gbangba pé bí wọ́n bá yọ àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kúrò, kò sí ìlú kankan nínú aṣálẹ̀. Ère igi kan ni yóò kù lójú pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìpèníjà kejì wọlé láti ẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 2014, ariwo ta pé àwọn ọlọ́lá kan ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ láti kọ́ àgọ́ fún wọn, láti se oúnjẹ fún wọn, kí àwọn sì wá bá a nílẹ̀. Ní ọdún 2019, Marian Goodell, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọ̀dún náà, kọ̀wé sí gbogbo èèyàn pé àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, wọ́n sì sọ fún ẹgbẹ́ kan pé kò ní rí ilẹ̀ gbà mọ́. Àwọn kan ní àṣejù ni. Wọ́n ní ta ló kù tí kì í háyà ọkọ̀ akẹ́rù? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Bí mo bá sanwó fún ẹnì kan láti fún ọ ní ọbẹ̀, iṣẹ́ ẹni yẹn ni o jẹ, orúkọ mi ni o sì dúpẹ́ lé lórí.

Òtítọ́ kan tún wà tí àwọn ọlọ́gọ́ kì í fẹ́ sọ sókè. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń ṣe é. Ní ọdún 2023, tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 575 dọ́là, kí ènìyàn tó ra omi, epo àti oúnjẹ, kí ó tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ jẹ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn tí àwọn olùṣètò fúnra wọn ń ṣe fi hàn pé aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Erin Douglas, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó pè ní Black Burner Project, ó ń ya àwòrán àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, kí àwọn tó wà nílé lè mọ̀ pé ojúde náà ṣí sílẹ̀ fún àwọn náà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, àwọn ará South Africa ti dá ọ̀dún AfrikaBurn sílẹ̀ láti ọdún 2007, ní aṣálẹ̀ Tankwa Karoo, lórí ìlànà kan náà: àgọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀bùn, àti ilẹ̀ tí a gbá mọ́.

Ohun tí ẹrẹ̀ fi hàn

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ òjò ọdún 2023. Nígbà tí ọkọ̀ kò lè rìn mọ́, àwọn ilé ìdáná àgọ́ ṣì wà. Àwọn tó gbé oúnjẹ wá fún ọ̀sẹ̀ kan láti fi ṣe àlejò ṣí àpótí wọn, wọ́n sè é, wọ́n sì pín in fún aládùúgbò tí tirẹ̀ ti tán. Àwọn tó ní ìbòòji tí kò jò gba àwọn tí àgọ́ wọn kún fún omi. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ áńgẹ́lì. Ohun tí wọ́n fi ń ṣeré lójoojúmọ́ ni wọ́n kàn ń bá lọ. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń se ìkòkò ńlá fún àlejò tí kò mọ̀ rí, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ lọ́jọ́ ìṣòro. Àwọn olùṣètò sun ère náà ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn tú ẹrẹ̀ tó ti gan mọ́ ilẹ̀, wọ́n ṣa ohun tó rì sínú rẹ̀, ilẹ̀ náà sì yege nínú àyẹ̀wò ìjọba.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Larry Harvey ti kú láti oṣù Kẹrin ọdún 2018. Àrùn kòrónà dá ọ̀dún náà dúró ní ọdún 2020 àti 2021. Nígbà tó di ọdún 2024, tíkẹ́ẹ̀tì kò tán mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2011 tí èrò bá lè péjọ, àwọn olùṣètò sì ń ké sí àwọn ènìyàn fún ọrẹ owó. Ó rẹ ọ̀pọ̀ olórí àgọ́. Ẹni tó ti gbé gálọ̀nù omi fún ogún ọdún yóò bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó kò bá rí àyè wọlé, tí àwọn olówó kò sì fẹ́ gbé ẹrù, ìdáhùn náà yóò ṣòro.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Nevada nìkan. Gbogbo ẹgbẹ́ tí kò ní owó oṣù láti san, yálà ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́dún tàbí ẹgbẹ́ akọrin, ló ń bá a yí. Ọwọ́ mélòó kan ló máa ń gbé ẹrù, ọwọ́ tó kù a sì máa pàtẹ́wọ́. Ìtàn àwọn àgọ́ ẹgbẹ́ kọ́ wa pé ẹ̀fẹ̀ ẹnì kan lè di òpó ìlú, pé òfin tó bá dáàbò bo ènìyàn kì í pa òmìnira, àti pé ìlú tí kò bá dá ẹni tó ń gbé ìkòkò rẹ̀ mọ̀ yóò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tí ìkòkò bá gbẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́ ni. Àmọ́ ọwọ́ kan náà kò lè máa jẹ́ ọwọ́ tó ń sọ̀yà lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ wo ẹni tó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn àsè yín, kí ẹ sì bá a gbé e.